Ẹ̀rọ Tó Ń Béèrè Tí Kì Í Dúró Gbọ́ Èsì

Àkọ́bí mi,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Bí ìwé yìí bá bá ọ lórí ìjókòó, má wulẹ̀ dìde. Bó bá bá ọ lórí ìdúró, wá àga, nítorí ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ kò ṣe é kà lórí ìdúró. Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Iṣẹ́ kò ní bọ́ lọ́wọ́ rẹ, ọ̀gá rẹ kò sì ní fi ojú burúkú wò ọ́. Àdúrà ti parí. Inú ń bí mi.

Ìyá rẹ ń kí ọ. Orókún tó ń dùn ún ti rọlẹ̀ díẹ̀, ó ti ń dá gun àtẹ̀gùn ẹ̀yìnkùlé láìdi ògiri mú. Òrùlé yàrá tí o máa ń sùn sí nígbà tí o wà ní kékeré ti ń jò ní igun kan, mo ti gbé ike sábẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ike náà tètè ń kún. Ewúrẹ́ aládùúgbò bí mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì rò pé ilé wa ni ilé wọn. Àmọ́ ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an ni ti kọ̀ǹpútà alágbèéká tí o gbé wá fún wa lọ́dún tó kọjá.

O rántí pé o jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì, o ní ilé méjì ló wà nínú ẹ̀rọ kan ṣoṣo yẹn, pé ìkíní ni tìrẹ, tí wàá máa fi ṣe iṣẹ́ ọ́fíìsì bí o bá wá kí wa, pé ìkejì ni tèmi, tí mo lè máa tẹ̀wé nínú rẹ̀, tí kò sì ní béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé lọ́wọ́ mi nítorí o mọ̀ pé màá gbàgbé. Ogójì ọdún ni mo fi ṣe bíríkìlà, n kò sì rí ibi tí wọ́n ti kọ́ ilé méjì sórí ìpìlẹ̀ kan láìmọ ògiri sáàárín wọn, mo bá bi ọ́ pé ògiri náà dà. O rẹ́rìn-ín. N kò tíì gba èsì ìbéèrè náà títí di òní.

Bí a bá ti tan ẹ̀rọ náà, ojú dúdú kan á yọ, á to orúkọ ilé méjèèjì sílẹ̀, á ní kí n yan èyí tó wù mí. Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ó yẹ kí wọ́n máa bi àgbà. Àṣé nọ́ńbà kan wà nísàlẹ̀ rẹ̀ tó ń kà sẹ́yìn, mẹ́wàá, mẹ́sàn-án, mẹ́jọ, kí n tó yọ awò ojú lápò, kí n nù ún, kí n gbé e sójú, ó ti tán, ẹ̀rọ ti bá ara rẹ̀ yan ilé tìrẹ. Mo kọ́kọ́ rò pé kò gbọ́ mi ni, mo ń pariwo mọ́ ọn pé ìkejì ni mo fẹ́, kó ṣe sùúrù, kò dá mi lóhùn. Ìyá rẹ ló ní kí n máa wọ awò ojú sílẹ̀ kí n tó tan án. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń ríbi wọ ilé mi.

Inú ilé kejì yẹn ni mo ń tẹ èsì rẹ sí. O ránṣẹ́ pé kí a ta ilé tí à ń gbé yìí, kí a wá máa gbé lọ́dọ̀ rẹ ní ìlú ńlá, pé ẹni tó fẹ́ rà á ti wà nílẹ̀, pé kí n sọ èrò mi kí oṣù tó parí. Inú mi dùn pé o bi mí. Ilé tí mo fi ọwọ́ ara mi mọ, tí ìyá rẹ fi orí ru omi àti yanrìn rẹ̀ nígbà tí oyún rẹ wà nínú rẹ̀, kò ṣe é fi ọ̀rọ̀ kan dáhùn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ìka kan tẹ̀ ẹ́. Lọ́jọ́ mìíràn, ọ̀rọ̀ méjì péré ni.

Lọ́jọ́ tó ku ìlà kan, mo gbàgbé awò ojú sórí fèrèsé. Kí n tó mú un dé, ẹ̀rọ ti wọ ilé tìrẹ lọ. Mo ní kí n pa á, ó kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ pé kí ẹnikẹ́ni má pa òun, àtúnṣe ń lọ lọ́wọ́. Mo bọ̀wọ̀ fún un, nítorí oníṣẹ́ ọwọ́ kì í da oníṣẹ́ ọwọ́ láàmú. Mo jókòó tì í láti àárọ̀ títí oòrùn fi kúrò lórí àga, mo tiẹ̀ gbé omi tútù sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ bí mo ti ń ṣe fún àwọn lébìrà mi. Nígbà tó parí, ó pa ara rẹ̀, ó tan ara rẹ̀, kò sì bi mí ní nǹkan kan mọ́. Kò sí ojú dúdú, kò sí orúkọ méjì. Tààrà ló wọ ilé tìrẹ, ó ń béèrè ọ̀rọ̀ ìwọlé tí n kò mọ̀. Ilé tèmi kò jí mọ́. Ìyá rẹ ní àwọn méjèèjì ló jà, pé kí n fún wọn ní ọjọ́ méjì kí wọ́n fi parí ìjà. Mo fún wọn ní mẹ́ta.

Mo wá pè ọ́. O ní kí n pa á, kí n tan án, kí n máa tẹ bọ́tìnnì kan lókè léraléra bó bá ti ń jí. Mo ń tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, mo sì ń ké àgò sí i, nítorí a kì í fi ẹsẹ̀ ta ilẹ̀kùn ẹni tó bínú tilẹ̀kùn. O ní kí n yára. Mo yára. Ojú ewé kan yọ tó kún fún ọ̀rọ̀ wẹ́wẹ́, o ní kí n ka ohun tí mo rí. Mo ń pe lẹ́tà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, o bi mí pé ṣé mo ti rí i, n kò tíì lanu, o ní kí n fi sílẹ̀, pé n kò lè mọ̀ ọ́n ṣe, pé o ti fẹ́ wọ ìpàdé. Lẹ́tà kẹfà ni mo dé nígbà tí ìyá rẹ tó di fóònù mú sọ fún mi pé o ti lọ. Mo ka ìyókù fún òun.

Ní ọjọ́ kejì, ọkùnrin kan dé pẹ̀lú téèpù, kò kí ìyá rẹ dáadáa, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọn ògiri. Mo bi í pé ta ló rán an. Ó ní ìwọ ni, pé ìwé ilé wà lọ́wọ́ rẹ, pé ẹ ó fọwọ́ sí i ní òpin oṣù, pé o ní bàbá kò fèsì, bàbá ti gbà nìyẹn. Ìwé ilé tí o gbà lọ́wọ́ mi pé o fẹ́ lọ ṣe ẹ̀dà rẹ̀! Ọkùnrin náà wọn ògiri ẹ̀gbẹ́ kànga lẹ́ẹ̀mejì, nọ́ńbà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló mú wá. Mo gba téèpù lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ̀n ọ́n fún un bó ti yẹ, nítorí n kò lè rí iṣẹ́ burúkú kí n dákẹ́. Ìgbà tó lọ tán ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i pé èmi fúnra mi ni mo bá a wọn ilé mi. Láti ọjọ́ náà ni ìyá rẹ kò ti rí oorun sùn, ìwọ náà sì mọ ohun tí àwọn àgbà sọ nípa ọmọ tó ní kí ìyá òun má sùn. N kò ní parí rẹ̀, nítorí ó fẹ́ jọ èpè.

Mo gbé ẹ̀rọ lọ bá Ìyá Rédíò, obìnrin tó ń tún rédíò ṣe ní ìkóríta kó tó di pé fóònù àti kọ̀ǹpútà ló ń tún ṣe. Òun kò fi mí rẹ́rìn-ín. Ó ki nǹkan kékeré kan bọ̀ ọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́, ilé kẹta sì jí nínú ẹ̀rọ. Mo ní áà, ayálégbé ti pọ̀ jù. Ó ní àlejò ni, ojú fèrèsé ló máa gbà wo inú ilé mi. Nígbà tó wò ó tán, ó ní nǹkan kan kò bàjẹ́, gbogbo ẹrù mi wà níbi tí mo kó o sí, àtúnṣe ọjọ́ yẹn ló kàn yọ orúkọ ilé mi kúrò lára àwọn tí wọ́n ń pè lẹ́nu ọ̀nà, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò sì pè é mọ́, kò lè jẹ́. Mo ní kó fún mi ní àga kí n jókòó.

Ó ṣí èsì tí mo tẹ̀ fún mi. Mo ti rò pé á tó odindi ìwé, ìlà mọ́kànlá ni. Mo kà á. Ẹ̀bẹ̀ ni látòkè délẹ̀: jọ̀ọ́, má bínú, bó bá tẹ́ ọ lọ́rùn, bí ìyàwó rẹ bá gbà. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ìka kan bẹ ọmọ mi nítorí ilé ara mi! Ìyá Rédíò bi mí pé ṣé kí òun fi ránṣẹ́ sí ọ. Mo ní kó fi sílẹ̀ níbẹ̀.

Ó dá orúkọ ilé mi padà sójú dúdú. Mo wá bẹ̀ ẹ́ pé nọ́ńbà tó ń kà sẹ́yìn yẹn, ṣé kò lè sọ ọ́ di ogún. Ó ní òun lè yọ ọ́ kúrò pátápátá, pé á máa dúró títí ènìyàn yóò fi yàn, ì báà jẹ́ láti àárọ̀ di alẹ́. Mo bi í pé ṣé ẹ̀rọ lè kọ́ sùúrù ni. Ó ní ìlà kan ṣoṣo ni òun máa yí padà. Òótọ́ ni. Ní báyìí, mo lè tan án, kí n lọ bọ́jú, kí n jẹun, kí n wá awò ojú, bí mo bá padà dé, màá bá a níbẹ̀ pẹ̀lú orúkọ méjèèjì. Ẹ̀rọ nìyẹn o. Èmi sì fi ogún ọdún tọ́ ìwọ.

Èsì mi nìyí, mo fi ọwọ́ kọ ọ́ kí àtúnṣe kankan má baà gbé e lọ: rárá. A kò ta ilé. Mo bi ìyá rẹ náà, mo sì dúró, ó pẹ́ díẹ̀ nítorí ó ń wá iyọ̀ lọ́wọ́. Òun náà ní rárá.

Owó tí mo fẹ́ béèrè kò pọ̀. Owó páànù kan ni, fún igun yàrá rẹ tó ń jò, àti owó ọkọ̀. Má fi owó ọkọ̀ ránṣẹ́ sí mi, tìrẹ ni. Fi í wọkọ̀ wá, kí ìwé ilé wà lọ́wọ́ rẹ, kí òpin oṣù tó pé.

Ọlọ́run á jẹ́ kí o dàgbà, kí o darúgbó, kí o wọ awò ojú. Àwọn ọmọ rẹ á máa bi ọ́ léèrè ọ̀rọ̀. Wọ́n á sì máa dúró gbọ́ èsì.

Èmi ni bàbá rẹ, mo ṣì wà nílé.