Gíláàsì Tí Kò Fọhùn

Ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ìyàwó rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo lérò pé ara yín le, pé ẹsẹ̀ tó ń dùn ọ́ lọ́jọ́sí ti fi ọ́ lọ́rùn sílẹ̀. Ní tèmi, ara kò ṣàìsàn, ọkàn ni kò gbádùn. Má bínú pé oṣù méjì kọjá láìgbúròó mi. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo tẹ́ ìwé àfọwọ́kà àwa afọ́jú sórí tábìlì, tí mo mú abẹ́rẹ́ tí a fi ń lù ú, tí ọwọ́ mi kọ̀ ọ́.

O mọ̀ pé ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi jókòó nídìí tẹlifóònù ilé ìwòsàn wa. Kò sí ipè tí kì í gba ọ̀dọ̀ mi kọjá, èmi ni mo ń so ó pọ̀ mọ́ ẹni tí wọ́n ń wá. Bọ́tìnì ni mo ń tẹ̀, kókó kékeré sì wà lórí bọ́tìnì nọ́ńbà márùn-ún. Bí ìka mi bá ti kan kókó yẹn, gbogbo ilé ìwòsàn ti wà lọ́wọ́ mi nìyẹn. Bí ẹni ń bu òkèlè sẹ́nu ni. Òkùnkùn kì í mú un ṣìnà. Olóhùn ni wọ́n ń pè mí níbẹ̀.

Lóṣù karùn-ún, wọ́n kó bọ́tìnì lọ, wọ́n gbé gíláàsì pẹlẹbẹ kalẹ̀, ó ń yọ̀ bí àwo tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ẹni tó wá tò ó ní kí n má fòyà, pé ó ń sọ̀rọ̀. Òótọ́ ni. Bí mo bá ń fa ìka lórí rẹ̀, ohùn obìnrin kan á máa pe nọ́ńbà tí mo bá kàn. Tí mo bá gbé ìka kúrò, ó ti tẹ̀ ẹ́ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ méjì ni mo fi kọ́ ọ. Ìyàwó mi ní irú ọwọ́ jẹ́jẹ́ tí mo fi ń pa gíláàsì yẹn lára, òun ò rí i gbà rí láti ọjọ́ ìgbéyàwó. A rẹ́rìn-ín títí.

Akọ̀wé tuntun kan ni a jọ ń lo yàrá náà. Ohùn ẹ̀rọ yẹn ń dí i lọ́wọ́. Ó sọ fún mi lọ́jọ́ kan pé, "Bùrọ̀dá, ṣé ẹnu kì í ro obìnrin yìí ni?" Mo ṣàlàyé, mo rò pé ó yé e. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, mo yà sí ilé ìtọ̀. Akọ̀wé pa ohùn náà, ó sì jáde lọ jẹun.

Kò pẹ́ tí mo padà jókòó tí agbẹ̀bí pè láti yàrá ìrọbí. "Olóhùn, ẹ bá mi pe dókítà oníṣẹ́ abẹ, kíá! Ẹ̀jẹ̀ ò dá lára obìnrin yìí!" Ó já fóònù. Mo fi ìka kan gíláàsì. Kẹ́kẹ́ pa. Mo fà á lọ, mo fà á bọ̀, bí ẹni ń wá ilẹ̀kùn lára ògiri tí kò ní ilẹ̀kùn. Mo fojú inú díwọ̀n, mo tẹ̀ ẹ́: ilé ìdáná ló gbé e, ariwo abọ́ kò jẹ́ kí wọ́n gbọ́ mi. Mo tún tẹ̀ ẹ́: ó ń dún níbì kan, kò sẹ́ni tó gbé e. Mo pariwo, yàrá ṣófo. Ni mo bá dìde, mo fọwọ́ tọ ògiri. Àtẹ̀gùn méjì ni; mo ṣubú lórí èkejì. Nígbà tí mo fi kan ilẹ̀kùn dókítà, ìṣẹ́jú mọ́kànlá ti lọ. Ó sáré lóòótọ́, àmọ́ ẹ̀pa ò bóró mọ́. Ọmọ yè. Ìyá lọ.

Àwọn ọ̀gá pè mí. Wọ́n ti kọ ìwé sílẹ̀, kí n tẹ àtàǹpàkò sí i ló kù. Mo ní kí wọ́n kà á sí mi létí. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé àìríran mi ló pa obìnrin náà. Mo ní, "Ẹ̀yin ọ̀gá, ọdún mọ́kàndínlógún ni mi ò fi ríran níbí. Ta ló kú?" Mi ò tẹ̀ ẹ́. Wọ́n lé mi lẹ́nu iṣẹ́.

Akọ̀wé náà wá sílé wa, ó ń sunkún. "Mi ò mọ̀, bùrọ̀dá. Mo rò pé ọ̀ṣọ́ lásán ni." Mi ò bú u. Mo ní kó dijú, kó fi fóònù ara rẹ̀ pe ìyá rẹ̀. Mo ń gbọ́ tí ìka rẹ̀ ń kan gíláàsì, kó-kó-kó, ó pẹ́ gan-an. Kò rí ìyá rẹ̀ pè. Lọ́jọ́ kejì, ó lọ jẹ́wọ́ fún àwọn ọ̀gá. Wọ́n gbé e lọ sí ẹ̀ka mìíràn, wọn ò sì pè mí padà. Mo gbọ́ pé olójú ló jókòó síbẹ̀ báyìí.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni ìyàwó mi mú mi lọ sọ́dọ̀ ọkọ olóògbé. Káfíńtà ni. Ó fún wa níjòókòó. Ọmọ ń ké nínú yàrá. Ó béèrè pé, "Ìṣẹ́jú mélòó?" Mo ní mọ́kànlá. Ó ní, "Ẹ ṣé tí ẹ ò purọ́ fún mi. Ẹ má wá síbí mọ́." Ìyàwó mi dì mí lọ́wọ́ mú, a sì lọ.

Kí Ọlọ́run ṣọ́ etí rẹ, kó ṣọ́ ọwọ́ rẹ. Kó má jẹ́ kí ipè tí o kò ní lè jẹ́ wá bá ọ láé. Kí àwọn ọmọ rẹ rí ọ pẹ́.

Èmi ni, ọ̀rẹ́ rẹ láti orí bẹ́ǹṣì ilé ìwé wa,
Olóhùn.

Àfikún: O sọ nínú ìwé rẹ pé gíláàsì ń bọ̀ níbi iṣẹ́ tìrẹ náà. Má gbà kí wọ́n kó bọ́tìnì lọ lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé e dé. Ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kí ọ̀gá sì buwọ́ lù ú, pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pa ohùn náà. Bí wọ́n bá pè ọ́ ní aláròyé, jẹ́ aláròyé.