Gbogbo Àṣìṣe Lẹ́ẹ̀kan Náà

Ọjọ́ Ajé, 3 Oṣù Kẹta

Tíṣà àgbà kan wá bá wa jà ní ọ́fíìsì. Wọ́n fẹ́ forúkọ sílẹ̀ lórí ẹ̀rọ fún kíláàsì ìlúwẹ̀ẹ́. Sáfà mi, ètò tí mo kọ láti máa yẹ fọ́ọ̀mù wò, ní nọ́ńbà fóònù wọn ò pé. Wọ́n tún un ṣe. Sáfà ní ọjọ́ ìbí dà? Wọ́n fi sí i. Sáfà ní fọ́tò ti tóbi jù. Baba ní ṣé owó la fi ń ra ọ̀rọ̀ ni, tá ò lè sọ gbogbo ẹ̀ tán lẹ́ẹ̀kan? Ọ̀gá ní kí n tún un kọ, kí gbogbo àṣìṣe jáde nínú èsì kan ṣoṣo.

Onífèrèsé — òun ló ń ṣe ojú ewé táwọn èèyàn ń rí, òun náà ló ń bẹ̀ mí kí n fẹ́ òun — rẹ́rìn-ín títí. Ó ní bí mo ṣe ń ṣe òun náà nìyẹn.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 4

Kò parọ́. Ó ní kí n fẹ́ òun, mo ní bàtà ẹ̀ ń rùn. Ó ra tuntun. Mo ní ó ń jẹun pariwo. Ó ti ń panu dé jẹun. Lónìí ó ní ó tó gẹ́ẹ́: kí n sọ gbogbo ẹ̀ kó tó di Ọjọ́ Ẹtì, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ òun á bá tòun lọ.

N ò fẹ́ kó lọ. Mo ṣe bí ẹni tí kò gbọ́.

Ọjọ́rú, 5

Sáfà ti ń kó gbogbo ẹ̀ sọ pọ̀! Mo wá ọ̀rọ̀ tí màá fi dán an wò, ti Onífèrèsé ló wá sọ́kàn —

Bàtà rẹ ń rùn.
O ń jẹun bí ẹni ń fọ́ òkúta.
Orin tó ò mọ̀ lo máa ń kọ jù.
O máa ń hanrun.

Mo rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú mi. Màá pa á rẹ́ lọ́la, kí n tó gbé iṣẹ́ jáde fáwọn oníbàárà.

Ọjọ́bọ̀, 6

Mo gbé iṣẹ́ náà jáde. Orí ń fọ́ mi.

Ọjọ́ Ẹtì, 7

Mo gbé! N ò pa á rẹ́! Ọ̀rọ̀ ìdánwò yẹn ni sáfà fi ń dá àwọn oníbàárà lóhùn.

Tíṣà àgbà tún dé. Lójú gbogbo ọ́fíìsì, baba na ẹsẹ̀ síwájú, wọ́n ní àwọn ti fọ bàtà. Ti orin, àwọn gbà. Ṣùgbọ́n ta ló sọ fún wa pé àwọn ń hanrun, àbí ìyàwó àwọn ni? Ọ̀gá ń wò mí.

Onífèrèsé ò rẹ́rìn-ín. Ó ti mọ ẹni tí wọ́n ń bá wí. Ó wá dúró níwájú tábìlì mi, ó ní òun gba mẹ́ta àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n èmi àtòun ò jọ sun ilé kan náà rí. Ta ló sọ ti ìhanrun fún mi?

Mo ní ìyá ẹ̀ ni.

Ó ní níbo ni mo ti mọ ìyá òun?

Mo ní mo ti ń lọ kí wọn láti oṣù tó kọjá. Kí ló rò pé mo ń lọ wá níbẹ̀?

Ẹnu ẹ̀ là sílẹ̀. Ojú tì mí, inú mi sì ń dùn bí ẹni máa kú. Ó tún bi mí níbẹ̀ pé ṣé màá fẹ́ òun, lójú baba, lójú ọ̀gá. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.