Fíláàṣì Bàbá Mi Lórí Kámẹ́rà Tuntun

Sátidé, ìrọ̀lẹ́.

Kámẹ́rà tuntun mi ti bàjẹ́. Ta ló rán mi níṣẹ́? Fíláàṣì tí bàbá mi fi ń ya fọ́tò fíìmù ni mo gbé lé e lórí. Ó tàn lẹ́ẹ̀kan, kámẹ́rà dákẹ́, kò jí mọ́. Iná inú fíláàṣì àtijọ́ ti le jù fún kámẹ́rà ìwòyí.

Màmá àgbà kan láti ìlú Aládé ni mò ń yà lọ́wọ́ nígbà náà. Ojú wọn ti ń fọ́. Wọ́n fẹ́ rí àwòrán ara wọn kó tó fọ́ tán.

Mo sáré gbé kámẹ́rà fíìmù bàbá mi. Fíláàṣì tàn dáadáa.

Màmá ní, "Jẹ́ n wò ó."

Mo ní Èkó la ti máa fọ fíìmù náà kí àwòrán tó jáde, ó di oṣù tó ń bọ̀.

Wọ́n ní, "Kò burú, ọmọ mi. Mo ṣáà rí iná yẹn."