Páálí Tó Ń Sọ̀rọ̀

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹwàá, ọdún 2025.

Màámi, nígbà tí ẹ gbé páálí òróró àgbọn mi sétí láàárọ̀ yìí, tí ẹ mì í, tí ẹ ní, “Láídé ìyàwó mi, ó ń sọ̀rọ̀. Ẹyin tó bá ń sọ̀rọ̀, èmi ò jẹ́ tà á fún èèyàn,” ńṣe ni mo gbà á lọ́wọ́ yín, mo gbé e padà sórí àga. Ẹ má bínú. Páálí ńlá yẹn ló wù mí, mo sì ti ní kí wọ́n tẹ orúkọ mi sí i lára.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ sí àsàlátù, mo rántí oṣù kẹta ọdún 2021. Ìgò mẹ́rìnlélógún ni mo gbé kúrò ní Dópémù. Mọ́kàndínlógún ló fọ́ kí n tó dé Oregun. Ọdún mẹ́rin ni oníṣọ́ọ̀bù tí mo ń gbé wọn lọ fún níbẹ̀ ò fi gba ọjà lọ́wọ́ mi mọ́. Òun náà ló ní kí n gbé méjìlá wá wò lónìí. Mo bá ju páálí ńlá náà sílẹ̀ láti orí àga. Ẹ̀yin lẹ jàre.

Mo ti kó ìgò méjìlá sínú páálí kékeré tí ẹ nawọ́ sí láàárọ̀, èyí tí ìgò kọ̀ọ̀kan ní àyè tirẹ̀ nínú rẹ̀. Mo mì í sétí, kò sọ nǹkan kan. Mo jù ú lẹ́ẹ̀mejì, kò sí ohun tó ṣe é.

Ẹ ṣeun, Màámi. Ogún ọdún tí ẹ fi ta ẹyin ní Agége ni mo gbé lọ sí Oregun lónìí.

Ẹ̀wà wà nínú kúlà. Ẹ rọra wọlé, ilẹ̀ ń yọ̀ lẹ́nu ọ̀nà yàrá yín. Ìgò kan ló fọ́ nígbà tí mo ju páálí ńlá yẹn, òróró rẹ̀ sì ti ba ẹní ìkírun yín jẹ́.