Bí Ọgbọ́n Obì Yín Ṣe Wo Ẹ̀rọ Mi Sàn

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ̀rọ arúgbó ibi iṣẹ́ mi yẹn ti gbádùn o! Òun náà tí ẹ fi ń dá àpárá pé ó ti di orogún ìyàwó mi, torí kì í jẹ́ kí n kúrò ní Bẹ́ńdẹ̀lì wálé.

Ẹ rántí iṣẹ́ rẹ̀: omi ló ń gbà kúrò lára gáàsì tó ń jáde láti inú ilẹ̀, kí páìpù má bàa dípẹtà. Nǹkan kan tó dà bí òróró ló ń fa omi náà mu, a ó wá sè é lórí iná kí omi ara rẹ̀ gbẹ, kó lè padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ ti lọ lórí ẹ̀rọ náà, omi ń ṣẹ́kù sára gáàsì, àwọn ọ̀gá sì fẹ́ pa á tì, kí wọ́n lé àwa mẹ́fà tó ń tọ́jú rẹ̀. Èmi ọ̀mọ̀wé yín wá ń mú kí òróró náà máa sáré yípo nínú ẹ̀rọ, kó lè tètè fa omi. Bó ṣe ń sáré tó ni ọ̀rọ̀ náà ń bàjẹ́ tó.

Àárọ̀ ọjọ́ kan ni mo rántí yín nídìí obì gbànja. Bí wọ́n bá ti bó o tí wọ́n fọ̀ ọ́, ta ló tó kánjú dì í lójú yín? Ẹ ó ti ọwọ́ bọ agbọ̀n dé ìgúnpá. Bó bá ṣì ń làágùn, ẹ ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ padà kó lè gbẹ dáadáa, Ìyá á máa kùn, ẹ ó máa rẹ́rìn-ín.

Ni mo bá dín eré òróró náà kù. Mo jẹ́ kó pẹ́ lórí iná, a ha èérí èéfín tó dì mọ́ páìpù iná, a pààrọ̀ asẹ́. Lọ́jọ́ kẹta, gáàsì gbẹ. Wọn ò lé ẹnikẹ́ni. Mo ń di ẹrù kí n wá sọ fún yín nígbà tí ìròyìn ikú yín dé bá mi.

Mo wà nílé ní Ẹ̀pẹ́ báyìí. Èmi àti Ìyá ti tú agbọ̀n tí ẹ fi sílẹ̀, ẹyọ obì kan ò jẹrà. Àwọn oníbàárà yín ní Sábo ń kí wa tẹkúntẹkún.

Bàbá, ẹ dárí jì mí. Nígbà tí ẹ ránṣẹ́ pé kí n wá bá yín ṣe obì ọdún yìí, mo fèsì pé ara ẹ̀rọ ò yá. Ṣé àìsàn ti wà lára yín nígbà náà? Ṣé obì náà ni ẹ torí rẹ̀ pè mí? Mi ò tilẹ̀ béèrè bóyá ara tiyín yá.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tó pẹ́ kó tó dé.