Bírò Tí Mo Gbà Lọ́wọ́ Ìyá Tàjù

Ẹ kú ilé o, Màámi. Ẹ kú ìdí àgbáda gàrí, ẹ kú èéfín, ẹ kú ojú lọ́nà ọmọ. Mo kúnlẹ̀ kí Bàbá. Mo kí Rísì, àbúrò mi, mo sì kí Ìyá Àgbà tó wà ní yàrá ẹ̀yìn. Mo kí gbogbo ẹgbẹ́ àsàlátù yín pẹ̀lú, torí pé ọ̀rọ̀ yìí kàn wọ́n. Ẹ̀yin lẹ sọ fún wọn pé mo ti di tíṣà ní Èkó. Nígbà tí mo wá sí Ìsẹ́yìn fún ọdún Iléyá, obìnrin mẹ́rin ló pè mí ní tíṣà kí n tó dé ẹnu ọ̀nà wa, ọ̀kan sì bu ẹ̀wà fún mi pé ọmọ òun náà ń bọ̀ lọ́dọ̀ mi. Mo gba ẹ̀wà, mo jẹ ẹ́, mi ò sọ nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tí mo fi kọ lẹ́tà yìí síta, kí àwọn tó gbọ́ ti àkọ́kọ́ lè gbọ́ ìyókù. Ẹ má bínú sí mi.

Mi ò fìgbà kan jẹ́ tíṣà, Màámi. Akẹ́kọ̀ọ́ ni mí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà ní Ìsọlọ̀ níbí, èmi àti àwọn tó ń ti ibi iṣẹ́ wá kàwé. Nítorí pé mo mọ̀wé kọ díẹ̀, wọ́n yàn mí mọ́ àwọn tó ń ran akẹ́kọ̀ọ́ ẹlẹgbẹ́ wọn lọ́wọ́ lórí àròkọ. Tábìlì kan wà ní igun ilé ìkàwé, lẹ́bàá fèrèsé tí kò ṣeé tì. Ibẹ̀ ni mo máa ń jókòó. Ẹni tí àròkọ bá dà láàmú á gbé e wá, màá kà á, màá wá máa bi í ní ìbéèrè: kí lo fẹ́ sọ níbí? Ta lo ń sọ ọ́ fún? Kí ló tún ṣẹlẹ̀? Àǹtí Fọlákẹ́ tó jẹ́ olórí wa ní òfin kan ṣoṣo. Bírò ò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ ẹni tó ni iṣẹ́. Wọ́n ní ẹni tó bá gba bírò lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́, kó máa gba ilé lọ. Torí iṣẹ́ yìí ni wọ́n ṣe ń dín owó ilé-ìwé mi kù, òun náà ló sì jẹ́ kí n lè dúró ní Èkó.

Ara mi ti rẹ̀, Màámi. Kì í ṣe àìsàn. Láàárọ̀, mo máa ń wà ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Àjàó Estate, níbi tí mo ti ń bá àwọn èèyàn tẹ ìwé tí wọ́n fi ń wáṣẹ́. Lọ́sàn-án, ó di Ìsọlọ̀. Nígbà tí mo bá fi máa padà dé Ṣógúnlé, ìbéèrè tí mo ti bi àwọn èèyàn á ti tán mi lẹ́nu. Bọ́sẹ̀ tá a jọ ń gbé yàrá ti lọ sílé ọkọ, kò sì sẹ́ni tó ń béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ èmi. Òjò ọdún yìí ò tiẹ̀ jẹ́ ká gbádùn. Ó ń gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé, mo ti gbé bẹ́ẹ̀dì lé orí búlọ́ọ̀kù mẹ́rin, mo dẹ̀ ti mọ́ ọn lára.

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ gan-an dé orí Ìyá Tàjù báyìí. Wọ́n ń gbé ní Jakande Estate, ọjọ́ orí wọn ò lè ju tiyín lọ. Ọdún kọkàndínlógún rèé tí wọ́n ti ń nu ilẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú. Àwọn tó gbà wọ́n síṣẹ́ fẹ́ fi wọ́n ṣe alábòójútó, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí wọ́n kọ́kọ́ gba ìwé ẹ̀rí. Bẹ́ẹ̀ ni màmá ẹni àádọ́ta ọdún ṣe di ọmọ kíláàsì. Ọjọ́ àkọ́kọ́ tí wọ́n wá sí tábìlì mi, mo kúnlẹ̀ kí wọn. Àǹtí Fọlákẹ́ rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ó dáa bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n kí n yáa dìde kí n bi wọ́n ní ìbéèrè.

Ìbéèrè yẹn gan-an ló nira. Ta ló máa wo ojú ẹni tó lè bí i, kó sọ pé ohun tẹ́ ẹ kọ yìí ò tíì yé mi? Mo máa ń rọra sọ ọ́ títí ọ̀rọ̀ náà á fi sọnù. Ìyá Tàjù á nu awò ojú wọn, wọ́n á wá kọ ọ̀rọ̀ méjì.

Lọ́jọ́ kan tí òjò rọ̀ gan-an, wọ́n ti ibi iṣẹ́ wá, bàtà wọn ń yọ omi. Ọjọ́ kejì ni wọ́n máa fi àròkọ kan lé olùkọ́ wọn lọ́wọ́, lórí iṣẹ́ tí èèyàn mọ̀ ọ́n ṣe dáadáa. Wọ́n ti kọ ojú ewé kan nípa ilẹ̀ nínù. Wọ́n mú bírò, wọ́n ò lè dì í mú, torí ìka wọn ti wú látàrí ọ̀pá tí wọ́n fi ń nulẹ̀. Mo wò wọ́n títí, ara mi ò gbà á. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé bí mo bá rí àgbà tó ń ru ẹrù níwájú mi, tí mi ò gbà á, ẹ̀yin ni wọ́n máa bú. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Mo na ọwọ́ méjèèjì, mo gba bírò. Èmi ni mo kọ àròkọ yẹn láti òkè délẹ̀, wọ́n sì dà á kọ nílé. Wọ́n ṣàdúrà fún mi débi pé ẹni tó wà ní tábìlì kejì ń ṣe àmín. Mo lọ sílé pẹ̀lú inú dídùn.

Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, olùkọ́ wọn pè wọ́n. Ó ní iṣẹ́ náà dáa, ó kàn fẹ́ mọ nǹkan kan: tí gbọ̀ngàn bá kún fún èrò, ibo lèèyàn máa kọ́kọ́ nù? Ìyá Tàjù dáhùn dáadáa. Olùkọ́ ní kí wọ́n fi ibi tí wọ́n kọ ọ́ sí han òun. Wọ́n wá a, wọn ò rí i. Ó ní kí wọ́n ka ìlà mẹ́ta kan sétí òun, wọn ò lè pe ọ̀rọ̀ tó wà níbẹ̀. Ó bi wọ́n léèrè ta ló kọ ọ́. Wọ́n ní àwọn ni. Ó tún béèrè. Wọ́n ní àwọn náà ni. Ó ní tó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, òun máa yọ orúkọ wọn kúrò nínú kíláàsì lópin ọ̀sẹ̀, ipò alábòójútó yẹn á sì bá a lọ. Wọn ò dárúkọ mi.

Ọ̀rọ̀ yẹn délé ìkàwé kí ilẹ̀ tó ṣú, mo dẹ̀ gbọ́. Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni mi ò fi sọ nǹkan kan. Ẹ má jẹ́ kí n tàn yín: ẹ̀rù bà mí. Mò ń ro ti owó ilé-ìwé mi àti ti yàrá tí mò ń gbé. Ọjọ́ kejì nínú ọjọ́ mẹ́ta yẹn lẹ pè mí lórí fóònù, tẹ́ ẹ ní ohùn mi ò já gaara, tí mo ní òtútù ni. Kì í ṣe òtútù. Ẹ sì tún sọ fún mi pé ẹgbẹ́ àsàlátù ti fi orúkọ mi ṣàdúrà, pé kí tíṣà wọn máa ga sí i. Ìgbà tẹ́ ẹ gbé fóònù sílẹ̀, mo sunkún bí ọmọ ọdún mẹ́fà.

Lọ́jọ́ kẹrin, mo lọ bá Àǹtí Fọlákẹ́, mo jẹ́wọ́. Wọn ò pariwo lé mi lórí. Wọ́n ní ká jọ lọ sọ́dọ̀ olùkọ́ náà, mo sì tún un sọ níbẹ̀. Ibi tí wọ́n fẹnu ọ̀rọ̀ jóná sí ni pé kí Ìyá Tàjù wá jókòó níwájú olùkọ́, kí wọ́n fi ọwọ́ ara wọn kọ òmíràn. Bí ó bá jẹ́ tiwọn lóòótọ́, wọ́n á máa bá ẹ̀kọ́ wọn lọ. Ní tèmi, mi ò gbọdọ̀ jókòó sí tábìlì yẹn mọ́. Àǹtí Fọlákẹ́ ló sọ ọ́ fún mi, ojú wọn sì pọ́n.

Ọjọ́ Sátidé ni mo lọ sí Jakande lọ bẹ Ìyá Tàjù. Mo dọ̀bálẹ̀ bí ọkùnrin, torí ìkúnlẹ̀ ò tó mi mọ́. Wọ́n ní kí n dìde, wọ́n bu omi fún mi. Wọ́n ní àwọn ò bínú torí wàhálà, gbogbo ayé àwọn làwọn ti fi ń rí wàhálà. Ohun tó dun àwọn ni ohun tí mo yọ. Wọ́n mú ìwé ti àkọ́kọ́, èyí tí wọ́n fi ìka wíwú kọ, wọ́n fi ibì kan hàn mí. Wọ́n kọ síbẹ̀ pé tí èèyàn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ sin ọmọ rẹ̀ dé pápákọ̀, tí ọmọ ti wọlé lọ, tí ẹni náà wá jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, má tíì nu ibẹ̀. Nu ibòmíràn ná. Jẹ́ kó fúnra rẹ̀ dìde. Mo rántí ìlà yẹn. Mo ti rò pé kò bá àkòrí mu, mo fi ọ̀rọ̀ ìmọ́tótó dípò rẹ̀.

Ìyá Tàjù ní ọdún mọ́kàndínlógún làwọn fi kọ́ ìyẹn, pé òun gan-an niṣẹ́ náà, ìyókù, omi àti ọṣẹ ni. Wọ́n ní mo rò pé ẹrù ni mo gbà lórí àwọn, ẹnu àwọn ni mo gbà.

Ọjọ́ Tọ́sìdeè ni wọ́n kọ ọ́. Mo dúró síta. Wákàtí méjì ni wọ́n fún wọn, wọ́n lò ó tán pátápátá, ojú ewé kan ààbọ̀ ni wọ́n kọ. Àṣìṣe pọ̀ nínú rẹ̀. Olùkọ́ kà á lẹ́ẹ̀mejì, ó ní kí wọ́n padà sí kíláàsì.

Nítorí náà, ẹ bá mi sọ fún àwọn ẹgbẹ́ yín pé wọ́n ti gba tábìlì lọ́wọ́ mi, àti ìdí rẹ̀. Mò ń wá iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ mìíràn. Ó rẹ̀ mí, ṣùgbọ́n mi ò tíì fẹ́ padà wálé.

Ohun kan ló kù. Lẹ́tà tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ lẹ́yìn ọdún, Rísì ló bá yín kọ ọ́. Ó kọ ọ́ dáadáa, ó ní gbogbo yín wà ní àlàáfíà pípé. Ẹnu oníbàárà kan tó ti Ìsẹ́yìn wá ni mo ti gbọ́ pé ẹsẹ̀ òsì yín wú, pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ ò fi dé ìdí àgbáda. Mi ò bá Rísì wí. Èmi náà mọ bó ṣe máa ń ṣe ọmọ. Ṣùgbọ́n ẹ lọ sílé ẹ̀kọ́ àgbà, Màámi, ẹ mọ lẹ́tà á kọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú bírò fúnra yín. Ìlà kan ti tó. Bó bá wọ́, kó wọ́. Ẹ sọ fún mi bí ẹsẹ̀ yẹn ṣe ń dùn yín.

Ọlọ́run á fi àlàáfíà sí i lára yín. A ò ní pàdánù ara wa. Ẹ máa jẹun ọmọ pẹ́, lágbára Ọlọ́run. Ẹ bá mi kí Bàbá, Ìyá Àgbà, Rísì, àti gbogbo àwọn tó fi orúkọ mi ṣàdúrà.

Èmi ni ọmọ yín,
Mọríámọ̀