Èmi ni mo yin ẹ̀rọ tó tan màmá mi jẹ

Ẹ gbà mí, ẹ̀yin ará ojú ewé yìí, mo ti ṣe ohun tí mi ò lè sọ fún ẹnikẹ́ni. Libreville ní Gabon ni mò ń gbé, ní àdúgbò Nombakélé. Nígbà tí ọkọ mi bọ́ sí chômage, tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, tí kò ríṣẹ́ mìíràn, ọ̀rẹ́ mi kan tó ń ta ọjà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì l'Ékòó ní kí n máa bá òun kọ review, ọ̀rọ̀ ìyìn, fún owó díẹ̀, bí ẹni pé mo ti ra ọjà náà... mi ò fọwọ́ kan ọ̀kankan rí o! Oríṣiríṣi orúkọ ni mò ń lò. Mo ní ṣebí ọ̀rọ̀ lásán ni, ta ló máa pa lára?

Ọ̀kan nínú ohun tí mo yìn ni ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n fi ń yẹ ẹ̀jẹ̀ ríru wò. Mo kọ ọ́ pé màmá mi ló ń lò ó, pé kì í parọ́.

Ẹ mọ bí náírà ṣe já wálẹ̀, tí oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí màmá ń lò di ọ̀wọ́n gógó. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ń tọ́jú màmá wa n'Ílọrin lọ ra ẹ̀rọ yẹn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, kò tiẹ̀ sọ fún mi. Ojoojúmọ́ ni ẹ̀rọ náà ń sọ fún wọn pé ara màmá dá ṣáṣá. Màmá fúnra wọn ló ní kó má wulẹ̀ ra oògùn mọ́, kó fi owó ẹ̀ ra ìrẹsì fún àwọn ọmọ ẹ̀. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ṣubú ní balùwẹ̀... apá ọ̀tún wọn ò gbé mọ́, ọ̀rọ̀ ò sì já geere lẹ́nu wọn.

Ẹ̀gbọ́n mi pè mí, ó ń sunkún bí ọmọdé. Ó ní, “Àbúrò mi, mi ò dédé rà á o. Obìnrin kan kọ ọ́ síbẹ̀ pé màmá òun ló ń lò ó, pé kì í parọ́. Mo gba obìnrin yẹn gbọ́.”

Mo kàn ń ní kó pẹ̀lẹ́, kó má dá ara ẹ̀ lẹ́bi... èmi! Mo ti pa ohun tí mo kọ rẹ́, ṣé ìyẹn máa gbé apá màmá mi ni?

Àwọn ẹ̀gbọ́n wa tó kù ń pe bọ̀dá mi ní ahun, pé ó gba oògùn lẹ́nu màmá. Lọ́la, lẹ́yìn ìsìn, gbogbo wa máa pàdé lórí fóònù, wọ́n fẹ́ gba màmá lọ́wọ́ ẹ̀. Màmá ò sì fẹ́ kúrò lọ́dọ̀ ẹ̀. Ọkọ mi ní, “Laisse, fi sílẹ̀, má sọ nǹkan kan, wọn ò ní dárí jì ẹ́ láé.” Ṣé kí n dákẹ́, kí wọ́n máa bú u nítorí mi? Ṣé kí n sọ ọ́, kí màmá mi gbọ́ ọ lórí àìsàn? Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti jẹ́wọ́ fún ẹbí yín rí, gbólóhùn wo lẹ kọ́kọ́ sọ?